Àtẹ́lẹwọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

"Ọmọbìnrin Ayn Mallaha yòówù tó bá lọ kọ́ iṣẹ́ wíwọ́ ara, tó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kan àlejò nínú ilé ìwẹ̀ tuntun tí à ń kọ́. Kí n tó gba ẹnikẹ́ni láti ìlú mìíràn, màá ti gba gbogbo yín tán."

Ọ̀gbẹ́ni Lamjed Ferjani ló sọ ọ́. Òun ni alága ilé-iṣẹ́ tó gba ìsun omi gbígbóná ìlú náà lọ́wọ́ ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún. Orí àtẹ̀gùn ilé ìwẹ̀ àtijọ́ ló dúró sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà. Àwọn tó gbọ́ ọ tó igba. Àwọn obìnrin fi ahọ́n dá igbe ayọ̀, àwọn ọkùnrin sì pàtẹ́wọ́. Wasila Mejri kò fi ahọ́n dá nǹkan kan. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ka gbólóhùn náà lórí bí ẹni ń ka ìwé àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i: yòówù, kọ́kọ́, gbogbo yín. Kò rí ihò kankan níbẹ̀. Ó gbà á gbọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti gba ìwé-ẹ̀rí kan rí, ti yunifásítì, nínú ẹ̀kọ́ ìtàn. Ọdún kẹfà rèé tí ìwé yẹn ti wà nínú àpò ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó ní kó mú un wá kí òun wò ó. Ó kọ lẹ́tà méjìléláàádọ́rùn-ún láti fi wá iṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ kò yọjú, ó tẹ̀ lé Lella Beya wọ inú ooru, ó di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń ha ara fún ará ìlú ní ilé ìwẹ̀.

Lella, orúkọ ọ̀wọ̀ fún obìnrin, ni gbogbo Ayn Mallaha fi ń pe Beya, àtàgbà àtọmọdé, nítorí kò sí obìnrin kan nínú ìlú náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn lẹ́yìn. Ọdún méjìdínlógójì ló fi jẹ́ olórí ibẹ̀. Òun ló kọ́ Wasila pé inú ilé ìwẹ̀ kì í ṣe ibi ọ̀rọ̀. Omi kì í yé dà sínú àwo òkúta, òrùlé ibẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, ohùn tó bá ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ á fọ́ sí mẹ́wàá kó tó dé etí. Nítorí náà, ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá gbá ẹ̀gbẹ́ itan lẹ́ẹ̀mejì, pẹ́pẹ́, ẹni tó dùbúlẹ̀ á yí padà. Bí ó bá gbá èjìká lẹ́ẹ̀kan, á dìde jókòó. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá balẹ̀ sí àtàrí tí kò sì kúrò kíákíá, ó parí nìyẹn, kí oníwẹ̀ máa lọ ní àlàáfíà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ní èdè yìí. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ bá gbé wọ ibẹ̀ á ti gbọ́ ọ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ogún ara lójúmọ́ ni Wasila máa ń wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ onítọ̀hún tó mọ̀. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń lù nílé, ó mọ ẹni tí kò jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì. Anis, àbúrò tirẹ̀ náà wọ ọkọ̀ yẹn. Ìyá wọn kú ní ọdún kejì tí Anis lọ. Láti ìgbà náà, yàtọ̀ sí pé kí ẹnìkan fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìtúnu, kò sí ọwọ́ kankan tó kan Wasila. Ọwọ́ tó ń wẹ ìlú kò lè dé ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ tuntun ni yóò máa lo gbogbo omi ìsun náà. Oṣù kan péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ alága, wọ́n dí ojú ọ̀nà omi tó ń lọ sí ti àtijọ́, òkúta tó ti gbóná láti ayé àwọn baba ńlá wọn sì tutù láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wasila lọ bá Lella Beya nílé, ó ní kí àwọn jọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà.

Lella Beya ń di ẹrù lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Bizerte.

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀?"

"Orúkọ àwọn iṣan, Lella. Àti ibi tí kálukú wọn ti bẹ̀rẹ̀."

"Àṣé bẹ́ẹ̀. Ṣé iṣan ò ní jẹ́ kí n wọ́ òun tí mi ò bá mọ orúkọ ẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ká ìborí kan sínú àpótí. "Ìwọ lọ ní tìẹ. O ṣì ní ìbàdí tó lè bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ gbọ́ o, bí wọ́n bá fún ẹ ní ìwé, gbà á. Má fi ọwọ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀."

Ọmọbìnrin mẹ́rin ló forúkọ sílẹ̀ ní Ayn Mallaha. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín wọn sí. Ti Wasila bọ́ sí Sousse, fún oṣù mẹ́fà.

Àwọn mẹ́tàlá ni wọ́n wà nínú kíláàsì. Àwọn kan ti ilé ìṣaralóge wá, àwọn yòókù sì ti ka ìwé ìtọ́jú eegun díẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, olùkọ́ wọn, Madame Souhir, ní kí kálukú sọ ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tó kan Wasila, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Rim, tí èékánná rẹ̀ ń dán bí ìkarahun, bojú wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Yéè, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn yín o. Á bó yín bí ọ̀dùnkún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wasila náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò pa á lẹ́rìn-ín. Méjìméjì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò: ẹnìkan á dùbúlẹ̀, èkejì á wọ́ ọ, wọn á sì pààrọ̀. Ẹni mẹ́tàlá kò ṣe é pín sí méjìméjì. Kí olùkọ́ tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn méjìlá ti di ara wọn mú. Madame Souhir fa ìrọ̀rí gígùn kan yọ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì fún Wasila, ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á máa pààrọ̀ ipò, kálukú á bá ìrọ̀rí ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò pààrọ̀ ipò kankan.

Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ìbá sàn fún un bí wọ́n bá kórìíra rẹ̀, nítorí ẹni tó kórìíra ènìyàn á máa wò ó. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń yá kálàmù rẹ̀, wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀.

Ó gba yàrá kan lókè ilé aránṣọ kan. Níbẹ̀ ló ti rán ìrọ̀rí tirẹ̀. Ó ki èèrí àlìkámà àti àkísà sínú rẹ̀, ó fi èédú fa ọ̀pá ẹ̀yìn sí i lára, ó sì ta kókó sínú àwọn aṣọ tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí àtàǹpàkò rẹ̀ lè máa wá wọn rí bí ẹni ń wá ibi tí iṣan ti ká jọ. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tó bá ti jẹ àbọ̀ àwo ẹ̀wà làblàbí rẹ̀ tán, á dúró tì í, á máa pe orúkọ àwọn iṣan lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn dé gìgísẹ̀. Nígbà mìíràn á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọwọ́ òun ti le jù. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń béèrè yẹn, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́ títí kó tó padà sídìí iṣẹ́.

A kò gbọ́dọ̀ purọ́ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà: ó kọ́ ohun tí kò mọ̀. Ó kọ́ pé ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lè jẹ́ pé egungun ìbàdí ló rán an wá, àti pé ẹni tó ń wọ́ ojú ibi tó ń dùn nìkan dà bí ẹni tó ń lu ìránṣẹ́ tó sì fi ẹni tó rán an sílẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń lo ìgbọ̀nwọ́ láìyára, pẹ̀lú ìwúwo ara, tí apá kò fi ní bàjẹ́ kí onítọ̀hún tó pé ogójì ọdún. Ó kọ́ pé bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó sì ń dun ènìyàn, a kì í wọ́ ọ rárá. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì lè gbéra níbẹ̀ lọ sí àyà. Ó kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀, ó fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá rántí ìyàwó oníbúrẹ́dì tí àwọn wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ní ilé ìwẹ̀, tọkàntọkàn, fún wákàtí kan gbáko, tó sì kú lọ́jọ́ kẹta. Ó pa ìwé náà dé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní kò sọ ọ́ fún Lella Beya tó máa ń pè lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ohun tó le jù fún un ni ẹnu. Òfin Madame Souhir ni pé ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ gbá oníbàárà, bó ti wù kó rọra tó. Ẹnu ni a fi ń sọ ohun tí a fẹ́. Gbólóhùn náà wà lára pátákó: "Ẹ jọ̀wọ́, madam, ẹ yíjú sókè nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Wasila gbà pé òfin náà dára. Ó kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ àdúrà ní èdè àjèjì. Ó sọ ọ́ fún ìrọ̀rí náà tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, a sì máa yí i padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́ tán.

Nígbà ìdánwò àṣekágbá, ipò kẹta ló ṣe nínú mẹ́tàlá. Wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ méjì. Ó wọ ọkọ̀ èrò padà sí Ayn Mallaha, ó fi ìwé náà sí àárín àyà àti aṣọ òtútù rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, nítorí kò sí ẹni tó yẹ kó wá.

Ó kù oṣù kan kí ilé ìwẹ̀ tuntun ṣí nígbà tí ìwé dé pé kí àwọn mẹ́rin tó gba ìwé-ẹ̀rí wá fún ìdánwò ìgbàsíṣẹ́, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wasila ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Alága kò dárúkọ ìdánwò lórí àtẹ̀gùn. Ó rí ìyàtọ̀ náà kedere, bí ẹni tó rí òkúta nínú ìrẹsì, ó sì gbé e mì, nítorí ebi iṣẹ́ ń pa á, àti nítorí ohun mìíràn tí kò ní orúkọ: ó fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan ènìyàn. Ó ti di oṣù mọ́kànlá tí kò wọ́ ohun tó ń mí.

Madame Naziha, alábòójútó tí ilé-iṣẹ́ rán wá láti olú-ìlú, ni ẹni tí wọ́n ní kó wọ́. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀ ni, ó gé irun rẹ̀ kúkúrú, ó ń da èdè Faransé pọ̀ mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Obìnrin ará Faransé kan, Madame Odile, jókòó sí ìgun yàrá pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ lórí itan. Wọ́n ní òun ló ń kọ́ ilé-iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn. Yàrá náà mọ́ bí inú ẹyin. Wọ́n kọ́ omi sí ògiri rẹ̀ kan, ó ń ṣàn wálẹ̀ lórí òkúta dúdú láìdákẹ́, ooru ìsun náà sì ń rú jáde lábẹ́ rẹ̀.

Wasila kí i, ó béèrè àìsàn tó ti ṣe é rí, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wò, ó bu òróró sí àtẹ́lẹwọ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Ara náà mí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣòro fún un fún ìṣẹ́jú kan láti ríran dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ohun gbogbo tó kọ́ wá bá a, ti Lella Beya àti ti Madame Souhir, wọn kò sì bá ara wọn jà. Ó rí i pé èjìká òsì obìnrin náà ga ju ti ọ̀tún lọ. Kò sáré lọ síbẹ̀, ó kọ́kọ́ tú ìbàdí, ó gòkè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì fi dé èjìká náà, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lo ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni ń tẹ ìyẹ̀fun pípò tí kò fẹ́ kó já. Èémí Madame Naziha gùn, ó jinlẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Madame Odile ń kọ nǹkan, ó sì ń mi orí.

Omi ń ṣàn lára ògiri. Ooru ti bo gíláàsì. Wasila mọ gbólóhùn tó kàn, ó ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, madam. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ omi, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ itan obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ́pẹ́.

Madame Naziha yí padà.

Ó yí bí ẹja, lẹ́ẹ̀kan náà, láìla ojú. Ó na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun kan tí Wasila kò ní gbàgbé: ó gbé àgbọ̀n sókè, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó sì di ẹnu, bí ọmọbìnrin ọlọ́dún méje tó ń dúró kí ìyá rẹ̀ da garawa omi lé e lórí.

Madame Odile béèrè ní èdè rẹ̀ pé kí ni ìyẹn, kí ló dé tí ó gbá a. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó jọ pé ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Madame Naziha la ojú. Ó rí òrùlé, ó rí Wasila, ó rí àlejò tó mú kálàmù. Àgbọ̀n rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fa aṣọ ìnura bo àyà, ọrùn rẹ̀ sì pọ́n láti ìsàlẹ̀ dé etí.

"Ó lù mí ni," ó fi èdè Faransé dá a lóhùn. "Àṣà àwọn ará oko ni." Ó wá yí sí Wasila, ó sọ ọ́ ní èdè ilé: "Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn?"

Wasila ń nu òróró kúrò lọ́wọ́. "Ẹni tó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yí ni, madam."

"Máa lọ."

Ìwé dé lọ́jọ́ kẹrin. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ kò tíì bá ìwọ̀n ilé náà mu. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilé-iṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún àjogúnbá ìlú, wọ́n ní ipò kan fún un: kí ó máa wọ aṣọ aláràbarà àwọn ìyá àtijọ́ àti bàtà onípákó, kí ó gbé garawa bàbà dání lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn àlejò lè máa bá a ya fọ́tò. Wasila lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bi akọ̀wé bóyá omi yóò wà nínú garawa náà. Akọ̀wé ní rárá, omi á máa wúwo jù. Wasila dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ ipò náà.

Ó pe Lella Beya lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Jímọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìgbé ohùn sókè.

"Ṣé ó yí?" ìyá àgbà náà béèrè.

"Ó yí, Lella."

"Ìgbà tó o gbá a lẹ́ẹ̀mejì péré?"

"Lẹ́ẹ̀mejì péré. Ó tún gbé àgbọ̀n sókè."

"Háà." Ẹ̀rín kékeré kan wọ fóònù, ó sì kú. "Ìyá ẹ̀ wẹ̀ ẹ́ dáadáa nígbà náà. Ìwọ yege, ọmọ mi. Òun ló fìdí rẹmi." Ẹnìkan ń pe Lella Beya láti inú ilé lọ́hùn-ún pé oúnjẹ ti délẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

Wasila ní òun ti jẹun. Kò tíì jẹun. Ó gbọ́ ìró ṣíbí àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké kí fóònù tó kú, ó sì dì í mọ́ etí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí kò sí ohun tó kù láti gbọ́.

Ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ lẹ́tà sí Ọ̀gbẹ́ni Lamjed Ferjani. Ó kọ ọjọ́, ó kọ agogo, ó kọ àwọ̀ kóòtù, ó kọ gbólóhùn náà bó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, láì fi ọ̀rọ̀ kan kún un, láì yọ ọ̀kan kúrò. Kò bú u. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ni kò ní ìtumọ̀ tí òun rò pé ó ní. Ilé-iṣẹ́ fèsì pé àwọn ti rí lẹ́tà rẹ̀ gbà, àwọn sì dúpẹ́ fún ìfẹ́ tó ní sí ilé náà.

Ilé ìwẹ̀ tuntun ṣí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin, ọdún kejì ọ̀rọ̀ alága. Obìnrin mọ́kànlá ni wọ́n gbà láti máa wọ́ àlejò lára. Àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti ìlú mìíràn wá. Ọmọbìnrin Ayn Mallaha mẹ́rin ló gba ìwé-ẹ̀rí bọ̀. Wọn kò gba ọ̀kankan nínú wọn.